Orin Dákẹ́ Nínú Opó: Ètò Òwúrọ̀ fún Ìyá Ìbejì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Pàkátà ní Ìlọrin ni mò ń gbé. Èmi ni mo máa ń kọ orin wákà fún ẹgbẹ́ àsàlátù wa: orin wòlímà, orin ìsọmọlórúkọ, orin ìgbéyàwó. Ọkọ mi ṣaláìsí ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì wà nínú opó. Láti ìgbà náà, ìlà kan péré kò jáde lẹ́nu mi. Bí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, fóònù ni mo máa ń gbé. Nígbà tí n ó bá fi gbójú sókè, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, àwọn tó ń wá kí mi á sì ti máa dé. Gbogbo ọjọ́ wá rí bákan náà. Ẹgbẹ́ ti ní kí n máa gbìyànjú orin tuntun sílẹ̀ de ìgbà tí mo bá jáde. Mo gbọ́ pé àwọn òǹkọ̀wé máa ń ní ètò òwúrọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ṣé ẹ lè bá mi to tèmi, nínú ilé tí n kò ti lè jáde yìí? Èmi ni Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́hun forí jin bàbá wọn, kí Ó fi Àlùjánnà ṣe ilé wọn, kí Ó wo àwọn ọmọ.

Kí n tó sọ nǹkan kan, ohun tí opó gbà àti ohun tí kò gbà, ọ̀dọ̀ àáfà yín lọ̀rọ̀ ìyẹn wà. Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń kọ́ èèyàn ní ewì àti orin kíkọ. Mo to gbogbo ohun tí n ó sọ níbí kó lè ṣeé ṣe láàárín ìyẹ̀wù yín àti àgbàlá, láìsí pé ẹ tún ara ṣe, láìsí pé ẹ yọ sí títì. Bí ohun kan nínú rẹ̀ bá ń kọ àáfà yín lóminú, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ìyókù á ṣì dúró.

Ohun kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ bi yín. Ṣé ẹ ń jẹun? Ṣé ẹ ń sùn? Ìbànújẹ́ ọ̀fọ̀ kì í ṣe àìsàn, kò sì sẹ́ni tó lè dá ìgbà fún un pé kó tán. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ kò bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ mọ́, bí oorun bá kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí bí ẹ bá ń rò ó pé ikú sàn jù, ètò òwúrọ̀ kọ́ lẹ nílò. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kan tàbí ọmọ tó ti gbọ́n, kí wọ́n mú yín lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin ní àwọn tó ń tọ́jú irú rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ pé àáfà kan ní kí opó tí ara rẹ̀ kò yá má lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tó kàn jẹ́ pé orin ló dákẹ́, ẹ jẹ́ ká jókòó tì í.

Ẹ ní orin kò wá mọ́. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọjọ́ yín ni kò níbẹ̀rẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ óò gbọ́ ọmọ tó ń wá ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé kiri, ẹ óò ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ óò rántí pé Sátidé ni wòlímà ọmọ ẹnì kan, pé orin gbọ́dọ̀ ti délẹ̀ kó tó di Àlàmísì kí ẹgbẹ́ tó lè kọ́ ọ. Wàhálà lẹ pè é nígbà náà, àmọ́ òun ló ń ti orin jáde. Ní báyìí, kò síbi tí wọ́n ti ń retí yín. Ẹni tó bá wà nínú ilé kan náà látàárọ̀ dalẹ́, tí Àtìní rẹ̀ kò yàtọ̀ sí Àlàrùbá, kì í pẹ́ kí ọjọ́ tó dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Michel Siffre, fi ara rẹ̀ dán irú èyí wò ní 1962. Oṣù Keje ló wọ inú ihò àpáta kan lórí òkè Alps, láìmú aago dání, láìrí oòrùn. Ìgbà tó bá wù ú ló ń sùn, ìgbà tí ebi bá pa á ló ń jẹun. Nígbà tí wọ́n pè é pé kó jáde ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, lójú tirẹ̀, ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, ni. Ọjọ́ 25 ti lọ tí kò mọ̀ pé ó lọ. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá nígbà tó wọlé o, orí rẹ̀ sì pé. Ohun tó kàn ṣe é ni pé kò sí nǹkan kan níta ara rẹ̀ tó ń sọ fún un pé ọjọ́ kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀.

Ọpẹ́ ni pé ilé yín kì í ṣe ihò àpáta. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni ládánì ń pè yín. Àwọn òǹkọ̀wé tí ẹ ń gbọ́ nípa wọn, aago ni wọ́n máa ń dá sílẹ̀ kí wọ́n tó lè jí, wọ́n á sì tún na ọwọ́ pa á. Ní tiyín, èékàn ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ ìrun kí. Àsùbáà ni a ó so gbogbo rẹ̀ mọ́.

Ohun tí a ó so mọ́ ọn kò sì pọ̀. Bí ẹ bá wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ óò rí ètò òwúrọ̀ tó ní nǹkan mẹ́wàá nínú: omi gbígbóná pẹ̀lú òroǹbó wẹ́wẹ́, eré ìmárale, ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ ìwúrí, kí ni kí n mú kí ni kí n fi sílẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí i fún ẹnikẹ́ni tó wà nínú ọ̀fọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì kóra jọ, bó bá pa ẹyọ kan jẹ nínú mẹ́wàá, á gbà pé òun ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, á sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dì mú: láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣe sàlámà Àsùbáà, tí ẹ ti ṣe àdúà ẹ̀yìn ìrun, títí oòrùn yóò fi yọ, ohùn tiyín ni kí etí yín kọ́kọ́ gbọ́ ṣáájú ohùn ẹlòmíràn.

Ìgbà náà gùn tó. Ní Ìlọrin, oòrùn kì í yọ kó tó di nǹkan bí aago 6:20, nígbà tí ọjọ́ bá gùn jù. Ní ìparí oṣù Kìíní, ó máa ń tó aago 7:00. Ẹ yọ àkókò ìrun àti àdúà kúrò níbẹ̀, ìṣẹ́jú 30 kò ní ṣaláì ṣẹ́ kù. Òun nìkan sì ni àsìkò tó jẹ́ tiyín. Mo mọ bí agbo ilé Ìlọrin ti rí: ẹni tó wà nínú opó kì í dá jókòó pẹ́. Ìyá ọkọ á wọlé, ará àdúgbò á wọlé, ẹgbẹ́ á wá ní méjì méjì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, ìdáhùn kan náà ni ẹ̀yin náà sì ń fún wọn. Ẹ wà láàárín èrò, síbẹ̀ ẹ dá wà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọjọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn nìyẹn.

Toni Morrison, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993, ṣàlàyé pé ọ̀ràn-an-yàn ló sọ òun di ẹni tó ń kọ̀wé kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ lo àsìkò tó wà kí wọ́n tó ké pe ìyá wọn. Àwọn ọmọ dàgbà tán, kò fi í sílẹ̀ mọ́. Á po kọfí nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣú, á máa mu ún, á máa wo ìmọ́lẹ̀ bó ti ń wọlé bọ̀. Ìyá tó bí ìbejì kò nílò kí n túmọ̀ èyí fún òun.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ jókòó lé lórí díẹ̀, torí òun gan-an lolè inú ilé. Ẹ wo bó ti ń lọ. Ẹ ò tíì ká ẹní ìrun, ẹ ti tan dátà. WhatsApp ẹgbẹ́ kún fún ìkíni olódòdó, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Àbúrò ọkọ fi ohùn ránṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀. Ẹnì kan gbé fídíò àáfà tó ń bú àáfà ẹgbẹ́ rẹ̀ síta. Ẹlòmíràn ń ta ọṣẹ dúdú. Òmíràn tún fi àwòrán ọkọ yín síta pé òun ń rántí wọn, ó fẹ́ ṣoore ni, àmọ́ ẹ ò tíì mu omi láàárọ̀ náà. Nígbà tí ẹ bá fi gbé e sílẹ̀, ẹ ti gbọ́ ohùn ogún èèyàn, ẹ ò tíì gbọ́ tara yín.

Fún ẹni tó ń kọ ìtàn sínú ìwé, ìyẹn burú. Fún ẹni tó ń fi etí dá orin, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohùn tó bá kọ́kọ́ wọ etí yín láàárọ̀ ni etí á máa yí mọ́ra títí di ọ̀sán. Ẹ̀yin náà ti ṣe é rí: ẹ gbọ́ ìpolówó ọjà kan lórí rédíò kí ẹ tó jáde nílé, ó wá di ohun tí ẹ ń kùn lẹ́nu bí ẹ ti ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ ò ra ọjà ọ̀hún rí.

Èyí tí mo bá wí ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá ti kírun Ìṣáì tán lálẹ́, ẹ pa dátà, kí ẹ gbé fóònù ńlá fún ọmọ tó dàgbà jù, kó sùn sí yàrá tirẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín pé wọ́n lè fi nǹkan pàtàkì pè yín lóru, ẹ ra fóònù onítọ́ọ̀ṣì kan, ẹni márùn-ún péré ni kó ní nọ́ńbà rẹ̀. Oòrùn yọ tán ni ọmọ á tó gbé fóònù ńlá wá. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ yín pẹ̀lú, kó má di pé wọ́n ń sọ pé ìyàwó ò gbé fóònù. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ á le, ọwọ́ á máa wá a kiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ kó máa wá a.

Ẹ lè máa rò pé ọpọlọ tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀ kò lè ṣe nǹkan gidi. Ní ti ìṣirò owó ọjà, ẹ jàre. Ní ti orin, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Mareike Wieth àti Rose Zacks, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2011. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè oríṣi méjì, àwọn kan ní òwúrọ̀, àwọn kan nígbà tí ọjọ́ ti lọ. Èyí tó ń fẹ́ ká máa ṣírò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àsìkò kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ pé òjijì ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń sọ síni lọ́kàn, àsìkò tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ kò dá ṣáká ni wọ́n ti ṣe é dáadáa jù. Bí ọkàn kò bá tíì le, ó máa ń yà gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn sì ni àfiwé máa ń sá pamọ́ sí. Nítorí náà, ẹ má tíì mu tíì líle, ẹ má sì tíì fi obì gòórò sẹ́nu títí iṣẹ́ á fi parí. (Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ gòórò: kaféènì tó wà nínú kọfí ló wà nínú òun náà, ìdajì rẹ̀ ṣì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5. Bí ẹ bá ń jẹ ẹ́ lálẹ́ pẹ̀lú àlejò, ẹ má bi mí ìdí tí oorun kò fi wá.)

Wàyí o, kí lẹ óò ṣe ní ìṣẹ́jú 30 náà? Ẹ jókòó síbì kan náà lójoojúmọ́, ibi tí ẹ kì í sùn, tí ẹ kì í sì í gbàlejò. Àpótí kékeré lẹ́bàá fèrèsé tó. Bírò àti ìwé ọmọ ilé ìwé kan ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti alẹ́, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, torí iná ìjọba kì í bá ẹnikẹ́ni dá àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì mú bírò. Ọlọ́rin ni yín, ohùn ló máa ń ṣáájú. Orin dàdàkúàdà tí Ìlọrin fi lórúkọ, irú èyí tí a gbọ́ lẹ́nu Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, orin ẹnu ni, bébà kọ́ ló bí i. Ẹ mú ohùn orin àtijọ́ kan tí ẹgbẹ́ yín mọ̀ dunjú, ẹ yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dànù, kí ohùn nìkan ṣẹ́ kù. Ẹ máa kùn ún, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ẹ ń rẹ ọmọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀rọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí etí yín gbọ́ tàbí tí ojú yín rí ní òwúrọ̀ yẹn gan-an. Ẹ má wá kókó ńlá. Omi tó ń kán sínú dúrọ́ọ̀mù, àwọn ọmọ ilé kéú tó ń ka wàláà, ewúrẹ́ tó ń ti ilẹ̀kùn, ohunkóhun. Ìlà mẹ́rin péré. Mo kọ ọ̀kan sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ:

Igbálẹ̀ ìyàwó òdìkejì ti ń dún,
Ó ń gbá ewé máńgòrò tó já lóru;
Bó ti ń gbá a ni òmíràn ń já,
Ọlọ́hun, má jẹ̀ẹ́ kó rẹ ọwọ́ tó ń gbálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ìlà kìíní àti ìkejì kàn ń ròyìn ni, wọn ò ṣẹ̀, wọn ò sì dùn. Ìlà kẹta ni orin. Ó ń sọ̀rọ̀ ewé, síbẹ̀ kò sí obìnrin tó gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé kì í ṣe ewé nìkan là ń wí. Ìlà kẹrin sáré jù. Àdúà kì í ṣe àbùkù nínú wákà, òun ni wákà tìtorí rẹ̀ wà. Àmọ́ bí ẹ bá ti dé ibẹ̀ ní ìlà kẹrin, ẹ ti jókòó kí ẹ tó rìn. Bó bá jẹ́ èmi ni, ìlà kẹta ni n ó fi ṣe ègbè, kí ẹgbẹ́ máa gbè é, kí èmi máa wá àwọn nǹkan mìíràn tí kì í tán kiri: gbèsè tí a san, tí òmíràn yọjú lẹ́yìn rẹ̀, omi tí a pọn kún ìkòkò, tí ọmọ tún bù kí ilẹ̀ tó ṣú, aṣọ tí a fọ̀, tí òjò dé kó tó gbẹ. Nígbà tí a bá kó ìyẹn jọ, tí àwọn olùgbọ́ ti ń mi orí, àdúà á wá ní ibi tó máa jókòó sí.

Ìgbà tí ìlà mẹ́rin bá ti dúró lẹ́nu lẹ tó máa mú bírò. Bó bá jẹ́ àńjẹ̀mí, Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, lọwọ́ yín mọ̀ jù, ẹ fi kọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ kà á á wá kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ìlà kankan, ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lásán, “ewúrẹ́ Ìyá Àgbà ń ti ilẹ̀kùn,” kí ẹ dìde. Ọjọ́ yẹn kò ṣòfò. Ohun tí mò ń wá lọ́wọ́ yín ni ìjókòó. Orin dáadáa á máa wọlé wá fúnra rẹ̀, kì í sì í wọlé níbi tí kò bá ti bá ẹnikẹ́ni lórí ìjókòó. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti kọ́ ní ewì, àwọn tó ń kọ burúkú lójoojúmọ́ ni mo máa ń rí tó kọ èyí tó dára níkẹyìn. Àwọn tó ń dúró de dáadáa ṣì ń dúró.

Ẹ má ka ti àná. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ti dún lọ. Ojú òwúrọ̀ kì í ṣojú adájọ́. Ẹ jẹ́ kó di Jímọ́ọ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kí ẹ ṣí ìwé, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó bá yín lára mu jù nínú gbogbo ti ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ pa á dé. Jímọ́ọ̀ á tún yàtọ̀ sí ọjọ́ yòókù lójú yín bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ ìbànújẹ́ náà jáde. Ìdí wà tí wọ́n fi ń sọ ọ́. James Pennebaker, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde ní 1986. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tó bà wọ́n nínú jẹ́ jù láyé sílẹ̀, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀ léra. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ti dùn wọ́n tó kì í sáábà lọ sí ilé ìwòsàn ilé ìwé wọn bíi ti àwọn tó kọ̀wé lórí nǹkan lásán. Èyí tí àwọn agbaninímọ̀ràn kì í fi kún un ni pé bí wọ́n ti kọ ọ́ tán lọ́jọ́ náà, inú wọn túbọ̀ bà jẹ́ sí i ni. Ó lè dára fún ọ̀sán ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n yín wà nílé. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe láàárọ̀, kí àlejò tó bá ẹkún nílẹ̀. Bí ọkọ yín bá fúnra wọn yọ sínú ìlà kan, ẹ má lé wọn. Ẹ má sì pè wọ́n. Kò pọn dandan kí opó kọ orin opó.

Bí oòrùn bá ti yọ, ẹ dìde níbẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àgbàlá. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run láàárọ̀ ló ń to aago inú ara, ojú ló ń gbà á wọlé. Gílóòbù inú yàrá kéré jọjọ sí i. Ẹni tó bá ń ti fèrèsé mọ́rí láti ìgbà tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́, oorun rẹ̀ á máa sún síwájú díẹ̀díẹ̀ títí Àsùbáà á fi di ìjàkadì. Ẹ rìn yí àgbàlá ká fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ máa kùn ohùn náà bọ̀. Ẹ má wò ó pé ìrìn inú àgbàlá kò tó ìrìn. Ní Yunifásítì Stanford, Marily Oppezzo àti Daniel Schwartz dán an wò, wọ́n sì gbé e jáde ní 2014: àwọn tó ń rìn mú èrò tuntun wá ju àwọn tó jókòó lọ, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni àfikún náà. Àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ jáde síta, orí ẹ̀rọ ìrìn ni wọ́n ti ń rìn lójú kan, wọ́n kọjú sí ògiri lásán, ó sì ṣiṣẹ́ fún wọn. Àgbàlá yín sàn ju ògiri lọ. Ìlà tó kọ̀ lórí ìjókòó lè tọ̀ yín wá níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ lè di ti ẹnikẹ́ni. Ẹ mu ògì, ẹ gba fóònù, ẹ gba àlejò. Fún àwọn tó máa ń tètè dé, ẹ fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa sọ pé ẹ ń ṣe àdúà. Nínú wákà, irọ́ kọ́ nìyẹn.

Ẹ óò fẹ́ mọ ìgbà tí yóò mọ́ yín lára. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọpa èèyàn 96 tí olúkúlùkù wọn mú ìṣe tuntun kan; 2010 ni iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀. Ọjọ́ 66 ló bọ́ sí láàárín, kí nǹkan náà tó di ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ya ara wọn jìnnà: ẹlòmíràn lo 18, ẹlòmíràn á fẹ́ẹ́ lo 254. Wọ́n tún rí i pé pípa ọjọ́ kan jẹ kò ba ohunkóhun jẹ́. Lọ́jọ́ tí orí bá ń fọ́ yín, ẹ sùn padà, ẹ má fi méjì san án lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá lopó, ẹ ti lo oṣù mẹ́ta, nǹkan bí ọjọ́ 40 ló kù. Ó ṣeé ṣe kí ètò yìí má tíì mọ́ yín lára tán nígbà tí ẹ bá jáde. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá jáde gan-an ni mò ń bẹ̀rù jù fún yín, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀bù á ti kún fún eruku, gbèsè á ti dúró, gbogbo ìpè tí ẹ ò jẹ́ fún oṣù mẹ́rin á rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan. Láti ìsinsìnyí, ẹ pinnu pé lọ́sẹ̀ náà ìṣẹ́jú 10 péré lẹ óò lò, orí àpótí kan náà, kí fóònù ṣì wà lọ́dọ̀ ọmọ. Ẹ dín àkókò kù bó ṣe wù yín, ẹ má ṣáà yí ibi ìjókòó padà.

Kí ẹ sì bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ kó tó di ìgbà náà. Wọ́n ní kí ẹ gbìyànjú orin tuntun, wọn ò sọ iye. Ẹ ní orin kan ni kí wọ́n máa retí, pé ègbè rẹ̀ nìkan lẹ óò kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè máa kọ́ ọ, kí ẹ̀yin tó parí ìyókù. Bí ègbè náà bá ti dúró, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí èmi náà.